Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Lórí Pẹ́dà Bíréèkì

Ẹni tó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín ń bẹ ní pálọ̀, lórí àga onírọ̀rí tó kọjú sí fèrèsé. Bàbá àgbà yín ni. Àmọ́ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ wọn, ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mọ́ ọn. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ṣì wà nínú wọn, kò kàn rí ọ̀nà jáde ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé Tóbi tí kò lò tán yìí, kí ẹ̀yin méjèèjì, Tóbi àti Ìbùkún, lè kà á tí ẹ bá dàgbà. Èmi náà kì í ṣe àgbà. Èmi tí mo ṣì ń fún ọmọ lọ́yàn, kí ni mo fẹ́ pe ara mi? Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ ti parẹ́ débi pé bí mo bá ti ń ronú kàn án, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti pé ọgọ́rin ọdún.

Ẹ mọ ibi tí a máa ń gbà ní Ìkìrun bí a bá ń lọ sí Òṣogbo, níbi tí ṣọ́ọ̀bù gígùn kan wà nítòsí ojú irin, tí wọ́n ti ń ta fóònù àti bàtà ọmọdé. Ibẹ̀ ni ọgbà mẹkáníìkì bàbá mi wà. Nígbà yẹn, kò sí sìmẹ́ńtì nílẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ náà dúdú, ọ́ìlì ti rin ín gbingbin, bí òjò bá sì rọ̀, omi tó bá dúró lórí rẹ̀ á máa dán ní oríṣiríṣi àwọ̀. Igi káṣú kan wà láàárín. Bí ó bá so, a máa ń jẹ ẹ́ tòun ti òórùn pẹtiróòlù ọwọ́ wa, ó sì ń dùn. Àwọn tó ń lu ara mọ́tò wà lápá ọ̀tún wa, àwọn tó ń jó irin wà lápá òsì, jẹnẹrétọ̀ wọn á sì máa ké láti àárọ̀. Tí rélùwéè bá wá ń bọ̀ láti ọ̀nà Òkukù, tó fọn fèrè, ilẹ̀ á gbọ̀n títí tí àwọn nọ́ọ̀tì inú abọ́ á fi máa jó. Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ fèrè rẹ̀ rí, àfi nínú fóònù.

Nínú ariwo yẹn ni bàbá mi ti ń wo bíréèkì. Mẹkáníìkì kan lè mọ ẹ́ńjìnnì, kí òmíràn mọ gíà, ṣùgbọ́n bí pẹ́dà bíréèkì bá ti rọ̀, wọ́n á ní, "Gbé e lọ fún Bàbá Aláìwọ-bàtà." Orúkọ tí gbogbo ọgbà fi ń pè wọ́n nìyẹn. Bí mọ́tò bá dé, bàbá mi kì í kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fi aṣọ nu àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á di ojú, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ pẹ́dà náà jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ tuntun.

"Ẹ má jẹ́ kó yá yín lára láti tú nǹkan," wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, tí o dúró lé e, tó wá ń rọra rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ bí ẹni tó ń tòògbé, ọ́ìlì ń sá níbì kan nìyẹn. Lọ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó tutù. Bí kò bá jò síta, rọ́bà inú másítà ló ti jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀ bí ìrọ̀rí, tí o fún un lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó wá ń dìde bọ̀ wá pàdé rẹ, afẹ́fẹ́ ló há sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì kì í sún kì. Afẹ́fẹ́ ló máa ń sún kì." Másítà tí wọ́n ń wí yìí ni ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ kan bá fẹ́ gba òmìnira, kí wọ́n tó ṣí mínírà, kí wọ́n tó gbé ìrẹsì síta, bàbá mi á fi aṣọ di ojú rẹ̀. Wọ́n á ní kó bọ́ bàtà, wọ́n á mú un wọ mọ́tò mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ nìkan ló sì máa fi sọ ohun tó ń ṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti rí ìyá ọmọ iṣẹ́ kan rí tó ń sunkún lábẹ́ igi káṣú kí ọmọ rẹ̀ tó dé orí mọ́tò kẹta. Ẹni tó bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣì nìkan la máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó bá ṣì í, ìrẹsì yẹn á di jíjẹ o, àmọ́ oúnjẹ lásán ni, á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Láti tú afẹ́fẹ́ jáde, ènìyàn méjì ni. Ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ nídìí táyà, ẹnì kan á wà lókè lórí pẹ́dà. Èmi ni ẹni òkè. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ti lè kan pẹ́dà, bí mo bá ti ti iléèwé dé, màá bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó di orí àga mọ́tò. Ẹni òkè kì í rí ẹni ìsàlẹ̀, ariwo kì í sì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, nítorí náà sípánà ni bàbá mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn án mọ́ irin. Ẹ̀ẹ̀kan: máa tẹ̀ ẹ́, máa fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì: tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí o dì í mú. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lára kálípà, ìyẹn irin ńlá tó ń gbá dísìkì táyà mú kí mọ́tò lè dúró. Ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ á fọ́n jáde, pẹ́dà á rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n á sì yára dè é padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: ó yá, gbé ẹsẹ̀. Kí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó dún, bí aláǹgbá bá bọ́ sí ọ lọ́rùn, o ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀, torí bí o bá gbé e nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì ṣí, pẹ́dà á tún fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé.

Kí n má purọ́ fún yín, mo kórìíra àga yẹn. Ooru inú mọ́tò á mú mi, itan mi á lẹ̀ mọ́ rẹ̀sìnnì tí wọ́n fi bo àga, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa sáré kọjá lójú títì, èmi á jókòó bí ẹni tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan tó ṣáájú ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, bàbá mi kàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń bọ̀, tí wọ́n ń fun fèrè, tí wọ́n ń jó, pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú aṣọ funfun tí wọ́n gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀. Ojú títì ni mo bá ara mi.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi ti jáde lábẹ́ mọ́tò, ọ́ìlì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ wọn. Awakọ̀ tó ni mọ́tò ń pariwo pé òun ti pẹ́, pé Ọ̀fà lòun ń lọ. Mo ti di ojú mi de ìgbájú. Wọn ò nà mí. Wọ́n mú mi lọ́wọ́ lọ síbi tí àwọn èrò mọ́tò náà jókòó sí lábẹ́ igi káṣú.

"Kí wọn," ni bàbá mi wí.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Ìyá kan wà láàárín wọn tó pọn ọmọ. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"O rí wọn?"

"Mo rí wọn, sà."

"Àwọn lo gbé ẹsẹ̀ kúrò fún yẹn."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A padà sídìí iṣẹ́, a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, títí mo fi parí iléèwé girama tí mo lọ sílé ọkọ, mi ò gbé ẹsẹ̀ ṣáájú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mọ́.

Lónìí, ẹni tó ni ilẹ̀ ti tà á, wọ́n ti gé igi káṣú, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti tú ká. Bí o bá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì báyìí, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n á kọ́kọ́ kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Mi ò bú u o, ó ń gba àkókò là. Ṣùgbọ́n mọ́tò wa yìí, kí wọ́n tó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Kò ní ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀.

Mọ́tò yẹn ni a fi ń gbé bàbá mi lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń bá wọn na apá àti ẹsẹ̀ tó kú. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, a ti Òkukù jáde, a ń wọ Inísà. Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìbùkún wà lẹ́yìn lórí ẹsẹ̀ Tóbi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lójijì níwájú wa. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì lọ bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ àmù omi. Mo tún un tẹ̀. Mo ń fún un, mo ń fún un, ó ṣì rọ̀. Mo yí síárìn sínú òkìtì iyanrìn tí ẹnìkan kó sílẹ̀ fún ilé kíkọ́, a sì dúró níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yin ọmọ nínú jígí, ojú ìyá tó pọn ọmọ lábẹ́ igi káṣú ni mo rí.

Múfú, mẹkáníìkì tó wà nítòsí ibẹ̀, fi mọ́tò rẹ̀ fa tiwa dé ilé ní Òkukù. Ó rí i pé kálípà iwájú ń jò. Ó wá ra méjèèjì, tọ̀tún tòsì, ti tòkunbọ̀, ó fi wọ́n síbẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́, pẹ́dà sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó tún un tú. Ó pààrọ̀ másítà. Ó tú u lẹ́ẹ̀kẹta. Bákan náà ni.

"Ìyá Tóbi, wàláì, mi ò mọ èyí tí mo tún fẹ́ ṣe," ni Múfú wí, tó ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Mọ́tò yìí ti darúgbó. Ẹ jẹ́ ó sinmi."

Bó ṣe wà nìyẹn nínú ọgbà wa, wọ́n yọ táyà iwájú rẹ̀, wọ́n gbé iwájú náà lé ìtì igi, ó wò sókè bí ajá tó ń dúró de oúnjẹ. Àwọn ọkọ̀ èrò kì í fẹ́ gbé bàbá mi. Ẹsẹ̀ wọn kì í ká, ó ń gba ààyè ènìyàn méjì, awakọ̀ á kàn ní, "Màdáàmù, ẹ dúró de ẹlòmíràn." Nọ́ọ̀sì Òṣogbo sọ lórí fóònù pé bí wọ́n bá pẹ́ sí i nílé, ọwọ́ yẹn máa gan. Nígbà náà ni bàbá yín pè mí láti Àbújá níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Tà á," ló wí. "Mo ti bá ọkùnrin kan tó ń ra mọ́tò tó ti kú sọ̀rọ̀. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Bàbá ńkọ́? Kí ni wọ́n á máa bá lọ sí Òṣogbo?"

"A máa wá nǹkan ṣe sí i."

"Nǹkan wo?"

"Ìyá Tóbi, ṣé kí n máa jókòó síbí, kí n máa ronú pé ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú mọ́tò tí kò ní bíréèkì?"

Ó fẹ́ràn wa ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo ilé yìí yíká. Mò ń jí bàbá mi, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Mò ń jí Ìbùkún, mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, mi ò tíì kọjá géètì. Nígbà mìíràn mo máa ń bínú sí bàbá mi, bínú gidi, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà màá rí i bí wọ́n ṣe ń wo mọ́tò yẹn láti ojú fèrèsé, itọ́ á máa kán ní igun ẹnu wọn, ìtìjú á sì mú mi. Bí mọ́tò bá lọ, fèrèsé yẹn ni wọ́n á máa wò títí ayé wọn.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ní ìwà kan tó ń mú mi bínú. Bí mo bá gbé àwo kúrò níwájú wọn, wọ́n á di ṣíbí mú sọ́wọ́ òsì, wọ́n á fi kan apá àga. Kó! Wọ́n á wò mí. Kó! Mo rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń béèrè. Mo bu ẹ̀kọ kún un, wọ́n kọ̀ ọ́. Mo rò pé ìgbẹ́ ni. Kì í ṣe ìgbẹ́. Lọ́jọ́ Fúráìdè ara kan mí, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ gan-an?" Wọ́n tún kàn án. Kó! Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀ ló gbọ́ ọ kí orí mi tó gbọ́, ó tẹ ilẹ̀ bí ẹni ń tẹ pẹ́dà.

"Pẹ́dà," mo wí. "Ẹ fẹ́ tẹ pẹ́dà."

Omijé bọ́ lójú wọn.

Bí mo ṣe gbé wọn dé inú mọ́tò yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo pọn Ìbùkún sẹ́yìn, mo gbé bàbá mi síwájú, mo gbé wọn gun àga awakọ̀. Ẹsẹ̀ òsì wọn ló ṣì gbọ́ràn. Wọ́n nà án sí mi, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́: mo bọ́ bàtà rẹ̀, mo fi gèlè mi nu àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wọ́n di ojú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dúró lé e, kò rì. Wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì rí pẹ́dà tó ń dìde bọ̀.

"Afẹ́fẹ́ ni," mo wí. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Múfú ti tú u!"

Wọ́n nawọ́ sí iwájú mọ́tò. Mo gbé àga oníke wá sídìí ibi tí táyà iwájú ti kúrò, mo tún gbé wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì yí kálípà náà ká bí afọ́jú tó ń wá ojú ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ wọn lọ sókè, ó wá a, kò rí i. Ó lọ sísàlẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n mú ìka mi, wọ́n fi kan nọ́ọ̀tì kékeré kan tó kọjú sílẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni òkè ni mí ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò rí ìdí táyà rí. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀, wọ́n wá rí ike oúnjẹ Ìbùkún nínú àpò aṣọ mi, omi tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Omi ni ihò ọmú ike náà ń tú jáde. Afẹ́fẹ́ wà lókè ní ìdí ike, kò lọ síbì kankan. Wọ́n wá gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́: fùù! Afẹ́fẹ́ jáde sí mi lójú.

Mo pariwo débi tí Ìbùkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn mi. Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó wà lókè ló wà nísàlẹ̀. Bí Tóbi ṣe máa ń wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Múfú ṣe fi kálípà òsì sí ọ̀tún, tó fi ti ọ̀tún sí òsì. Wọ́n jọra, wọ́n sì wọlé, ṣùgbọ́n orí wọn dojú kọ ilẹ̀. Ọ́ìlì ni Múfú ń tú dànù láti ọjọ́ yìí, afẹ́fẹ́ jókòó sókè, kò rí ọ̀nà jáde.

Mo pe Múfú.

"Ìyá Tóbi, ó ti ju ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí," ó fi ohùn wúwo dáhùn.

"Mo mọ̀. Ṣáà wá wò ó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Bàbá Aláìwọ-bàtà ni."

Kò tíì mọ̀ pé arúgbó tó ń rí lójú fèrèsé wa ni mò ń wí. "Bàbá Ìkìrun? Wọ́n ṣì wà láyé? Mò ń bọ̀."

Ó gun ọ̀kadà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku. "Subuhánáláàhì! Èmi Múfú!" Ó gbá ara rẹ̀ lórí. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi. Bàbá mi fi ike Ìbùkún tú omi sí i lórí, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí wọ́n rẹ́rìn-ín láti ọdún tó kọjá.

Ó pààrọ̀ wọn, òsì sí òsì, ọ̀tún sí ọ̀tún. Bàbá ti fi ọwọ́ òsì júwe pé kí n gbé àwọn padà sórí àga awakọ̀, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé wọn kúrò. Múfú wọ ìdí táyà, ó kígbe, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ẹsẹ̀ ò mira. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà!" Wọ́n ń wo iwájú. Mo gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kàn án lẹ́ẹ̀kan mọ́ irin. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ sọ yẹn?" ni Múfú wí.

"Ọ̀rọ̀ ilé wa ni."

Bó ṣe di pé èmi wà nísàlẹ̀, tí bàbá mi wà lókè nìyẹn. Múfú dúró nídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń da ọ́ìlì sí i. A bẹ̀rẹ̀ láti táyà ẹ̀yìn tó jìnnà jù, à ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ku táyà iwájú tó sún mọ́ awakọ̀ nígbà tí ọ́ìlì ń tán lọ, Múfú sì gun ọ̀kadà lọ ra òmíràn. Èyí tó ṣẹ́kù tó fún ẹ̀ẹ̀kan. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í mú. Mo tú nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ tó ti há síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí hó jáde pòòpòò, títí tó fi di ọ́ìlì nìkan. Mo dè é. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbùkún, tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ kí n tó wọ ìdí táyà, já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Mo ju sípánà, mo sáré.

Ètè rẹ̀ bẹ́. Mo nù ún, mo gbé e wọ yàrá, mo fún un lọ́yàn. Ó sùn. Ó ti rẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá, èmi náà sùn.

Nígbà tí mo ta jí, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Mo rántí, mo sáré jáde. Múfú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, agolo ọ́ìlì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀.

"Ìyá Tóbi, mo ti dé tipẹ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo bẹ Bàbá kí wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n kọ̀. Mo ní nọ́ọ̀tì ti dè, wọ́n kọ̀. Wọ́n kàn ń wò mí."

Mo wo inú mọ́tò. Òógùn ti rin aṣọ bàbá mi. Itan òsì wọn ń gbọ̀n bí ewé. Ẹsẹ̀ wọn wà lórí pẹ́dà síbẹ̀, pẹ́dà náà sì wà níbi tó wà nígbà tí mo de nọ́ọ̀tì. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò rì sí i rárá.

Wọ́n yí ojú sí mi. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Wọ́n ń dúró ni.

Mo kúnlẹ̀ nídìí táyà, mo wá sípánà nínú iyanrìn. Mo wá kàn án mọ́ irin. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Mo gbọ́ tí pẹ́dà padà sókè, tí bàbá mi mí kanlẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ní ọkùnrin tó fẹ́ ra mọ́tò dé lọ́jọ́ Sátidé lóòótọ́. Wọ́n ní ó kan géètì títí. Kò bá wa nílé. A ti lọ sí Ìkìrun, a gbé mọ́tò dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù gígùn yẹn, bàbá mi ń fi ìka han Tóbi ibi tí igi káṣú wà.